Sikúrù Kan Nínú Àpò Ṣẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú ilé, mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń ka èyí lórí ibùsùn àìsàn, Ọlọ́run yóò gbé e dìde. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí a sọ, tó tún ń gbọ́ èyí tí a gbé mì. Ìtàn tí mo mú wá yìí kò dùn láti òkè délẹ̀, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà sí i kí n tó mú kálámù, mo sì gbà pé ẹnìkan wà tí a kọ ọ́ fún. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi. Kàńtà onígi kan wà níwájú, tábìlì ìlọṣọ méjì wà láàárín, yàrá tóóró kan sì wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn aṣọ tí a ti lọ̀ tán máa ń rọ̀ sórí irin gígùn, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó ni wọ́n. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà kó tó kú. Òfin àkọ́kọ́ tí ìyá náà sì fi lé e lọ́wọ́ ni pé, “Àpò la kọ́kọ́ ń fọ̀ ká tó fọ aṣọ.” Ìyẹn ni pé omi kò gbọdọ̀ kan aṣọ kankan tí a kò tíì yẹ àpò rẹ̀ wò. Ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọ́n á fi í sínú àpò ìwé kékeré, wọ́n á kọ nọ́ńbà oníbàárà sí i, wọ́n á sì fi pín-ìnnì so ó mọ́ aṣọ náà.

Nígbà tí ìyá náà lọ, ọmọ yìí ló fọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó yẹ àpò rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí òfin. Ààbọ̀ pẹ́ńsùlù ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí a kọ sí pé: *Bi í bóyá ó ti jẹun.* Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ìyá náà ń wí. Ó lè jẹ́ oníbàárà, ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Ló bá mú fóònù, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀, ó sì gbé e sórí ayélujára, bí ẹni tó ju òkúta sínú kànga kó lè gbọ́ bí omi ṣe jìn tó.

Bí pọ́díkáàsì rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. *Ohun Tó Wà Nínú Àpò* ló pe orúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ àárín àwọn aṣọ tó rọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé aṣọ nípọn, ó máa ń gbé ìró mì, ohùn kì í sì í ta padà. Á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ kékeré sórí àpótí, á sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó rí nínú àpò lọ́sẹ̀ náà: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, eyín ọmọdé, ìwé ìfẹ́ tí a kò fi ránṣẹ́. Á ti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè á kọ díẹ̀ kún un lórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Olùgbọ́ mọ́kànlá ló kọ́kọ́ ní, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀ lórí fóònù oríṣiríṣi. Nígbà tó ṣe, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà wá ń pè é. Bàbá rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe oríkì.

“Aṣọ oníbàárà kì í sọ̀rọ̀,” ni bàbá náà máa ń wí. “Alágbàfọ̀ tí aṣọ bá ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fọ tara rẹ̀ nìkan.”

“Bàbá, mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ tiẹ̀?”

Nítorí ìbéèrè yìí ni kò fi gbé ohun kan jáde rí. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ó ti dán fóònù kan wò lọ́jọ́ kan, ó sì gba ohùn ìyá náà sílẹ̀ níbi tó ti ń kùn orin ìsìn lẹ́nu bó ṣe ń lọ aṣọ. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Èéfín omi ń ṣe *ṣìì*, ìyá ń kùn. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ sí, òun nìkan ló sì ń gbọ́ ọ.

Ní Sátidé kan, ó sọ̀rọ̀ nípa sikúrù kan tó bá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Sikúrù náà funfun, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹni tó mú ṣẹ́ẹ̀tì náà wá ti ránṣẹ́ pé kó sọ ohun tó bá wù ú nípa rẹ̀. Ó sọ pé, “Mo ń ronú pé nǹkan kan wà níbì kan tó ń mì lónìí nítorí pé èyí ò sí níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ Túsìdè, ọkùnrin kan dúró síwájú kàńtà, ó fọwọ́ lé igi.

“Ẹ ǹlẹ́ o,” ó ní. “Èmi ni nǹkan tó ń mì.”

Rédíò àti fóònù ló ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lọ́wọ́ òkè òpópónà. Atúnrọ̀ṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìka rẹ̀ gùn, ẹ̀rín rẹ̀ sì kúrú, bí ẹni tó kàn mí èémí jáde nímú. Ọmọbìnrin náà na sikúrù sí i, ṣùgbọ́n kò gbà á.

“Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀,” ó ní. “Èmi á máa wá wò ó.”

Ó sì ń wá wò ó lóòótọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń bọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni nǹkan sì ń wà nínú àpò. Lọ́sẹ̀ kan, bọ́tìnnì rédíò àtijọ́ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, àwòrán áyọ́ọ̀nù kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìwé pélébé kan ló bá, tí a kọ sí pé: *Ẹ jọ̀ọ́, ṣé alágbàfọ̀ yìí ti jẹun?*

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ẹni tó kọ èyí ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kó tó ní olùgbọ́ méjìlá. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó gba Atúnrọ̀ṣe láyè láti wá wo bó ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé Àǹtí á jókòó ní kàńtà kí àwọn méjèèjì má bàa dá wà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí, òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ kò ní bọ́tìnnì kankan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà parí, ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

“Ó ku ìṣẹ́jú ìdákẹ́,” ó ní.

“Kí nìyẹn?”

“Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́ tiẹ̀. Tí mo bá gé ikọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ á ṣófo bí ihò. Ìdákẹ́ yàrá yìí gan-an ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó fi aṣọ kan náà lẹ aṣọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá tán. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.”

Gbogbo ẹni tó ti bá a jókòó rí ló máa ń hú ikọ́, tàbí kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Atúnrọ̀ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kò sì mira. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn rọ̀ yí wọn ká. Ọmọbìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ẹni tó bá lè bá mi dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó lè bá mi gbé ọdún púpọ̀.

“Má pè mí ní ‘ẹ’ mọ́,” ni ọkùnrin náà wí nígbà tí wọ́n ń jáde. “Ó ń sọ mí di bàbá olóyè.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní “o”.

Ṣùgbọ́n bàbá kọ̀. Nígbà tí ọmọ kúnlẹ̀ sọ fún un pé Atúnrọ̀ṣe fẹ́ fi òun ṣe aya, kò gbé ojú sókè kúrò lára kọ́là tó ń lọ̀.

“Ohùn rẹ ló fẹ́, kì í ṣe ìwọ,” ó ní. “Ọjọ́ tí ọ̀fun bá ń dùn ọ́ ńkọ́? Ṣé yóò lọ wá ìyàwó mìíràn ni?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá a sọ̀rọ̀.”

“Mo ti gbọ́ tìrẹ. Ó tó.”

Oṣù márùn-ún ni Àǹtí fi ṣe alárinà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹni kì í ṣe aṣọ tí a ń so rọ̀ títí tí kòkòrò á fi jẹ ẹ́.” Bàbá á ní, “Ìwọ lọ ta òwú rẹ.” Wọn kò jẹ́ kí Atúnrọ̀ṣe dé kàńtà mọ́. Àǹtí ló ń kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, tó tún ń kó wọn lọ, nǹkan kò sì yé wà nínú àpò. Ọmọbìnrin náà gbààwẹ̀ ní Wẹ́sìdè mẹ́ta. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa tètè fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàárín ṣòkòtò méjì, bàbá sọ̀rọ̀ láìyíjú.

“Sọ fún un kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá.”

Ọmọ náà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Bàbá kò sì tún un sọ. Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ láàárín aṣọ olówó aṣọ, ó fi orin dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yí bàbá lọ́kàn padà. Ẹni tí òjò rọ̀ fún lẹ́yìn ọ̀dá kì í bi òjò pé ibo ló ti wá.

Ní oṣù náà gan-an, tí Atúnrọ̀ṣe ti tún ń wọ yàrá ẹ̀yìn, ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ ń ta *kàrà-kàrà* bí ẹni ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Atúnrọ̀ṣe mú un lọ tún ṣe, ó mú un padà, ó tún dáa fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́. Ó mú ìyẹn náà lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

“Mo jí i,” ó ní. “Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan àtijọ́ inú rẹ̀ ti lọ.”

“Èwo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“Orin ìyá mi ńkọ́?”

Ó mi orí. Ọmọbìnrin náà sunkún títí èémí fi ń tán nínú rẹ̀. Áńkáṣíìfù ni Atúnrọ̀ṣe fi nù ún lójú, áńkáṣíìfù tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti lọ̀ lánàá.

“Bóyá ó tó àsìkò kó o sinmi,” ó sọ fún un jẹ́jẹ́. “Bóyá Ọlọ́run ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀, tí o ò fetí sí i.”

Ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni ọmọ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn tí kò fi gbé nǹkankan jáde. Lórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, àwọn olùgbọ́ ń bèèrè pé ṣé ara rẹ̀ le. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, “Àpò wa ti kún o, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.” Ó kà á, ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ẹbí pàdé, ó ń yẹ àpò ṣẹ́ẹ̀tì funfun Atúnrọ̀ṣe wò. Sikúrù kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Dúdú ni, orí rẹ̀ sì pupa.

Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló fi ọ̀dà èékánná kun orí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kó lè fi ọwọ́ mọ ibi tí ojú ẹ̀rọ kọ sí nínú òkùnkùn àárín aṣọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ihò kan ṣófo lóòótọ́. Ó dá sikúrù padà, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yí i le. *Kàrà-kàrà* dákẹ́.

Ọkùnrin náà gbàgbé láti dá a padà ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Atúnrọ̀ṣe ni, sikúrù kì í wọ́n lápò wọn. Ṣebí sikúrù náà ló mú wa mọra? Ṣùgbọ́n ohùn kan ń bi í pé: tó bá jẹ́ pé sikúrù kan péré ni, kí ló dé tó fi ní ẹ̀rọ náà ń kú lọ? Ó fi orin bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ mọ bí a ti í bá olówó rẹ̀ wá àwáwí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ẹbí pé sí yàrá ìjókòó bàbá. Ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí pẹpẹ ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orin, kó lè ní ohùn ọjọ́ náà fún àwọn ọmọ tí Ọlọ́run bá fún un. Gbogbo èèyàn rí i, wọ́n fi í ṣẹ̀rín. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí àlejò dìde, ó tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà láti sìn wọ́n, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó gba ìdákẹ́ yàrá náà, bó ti máa ń ṣe. Ẹni mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù sẹ́yìn láti kó àga jọ: bàbá, Àǹtí, àti Atúnrọ̀ṣe.

Mọ́ńdè ni, ilẹ̀ ti mọ́, ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí. Ó fi áyọ́ọ̀nù sórí iná kó gbóná, ó ki íàpíìsì bọ etí. Ó gbọ́ àdúrà, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde, bí ẹsẹ̀ ṣe ń jáde. Ó ń retí ìdákẹ́.

Ohùn Àǹtí ló kọ́kọ́ gbọ́. “Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?”

“Ó ti pa á,” ni Atúnrọ̀ṣe wí. “Ẹ ò rí i pé iná rẹ̀ ò tàn?”

Iná pupa kékeré náà kò tàn lóòótọ́. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ ọ̀hún ni wáyà iná já, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì fura.

Bàbá ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. “Ṣé ó ti ń rẹ̀ ẹ́?”

“Ó ti ń rẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò fọhùn. Kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, á ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àpò pátápátá.”

“Mo sọ fún yín pé ọmọ yìí gbọ́n,” ni Àǹtí wí. “Kó ṣáà má mọ̀ pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀.”

“Kò lè mọ̀. Ṣebí èmi náà ló ń gbé e wá bá pé kí n bá òun tún un ṣe.” Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú yẹn, bí ẹni tó mí èémí jáde nímú.

“Àdéhùn ni àdéhùn,” ni bàbá wí. “Mo ní tí o bá lè mú un dákẹ́, mo fún ẹ. O ti mú un dákẹ́.”

Àga ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kan sáré wọlé, ohùn obìnrin kan sì wọlé tẹ̀ lé e, ohùn tó kún fún ayọ̀ débi pé kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

“Ṣé mi ò pẹ́ jù?”

“A ń dúró dè ẹ́ ni, ìfẹ́ mi,” ni Atúnrọ̀ṣe dáhùn.

Òórùn ló jí i. Áyọ́ọ̀nù ti jó apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ará, ìbínú rẹ̀ kò kéré. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka ibẹ̀ tán, ó ku kó tẹ bọ́tìnnì kan kí ẹgbẹ̀rin èèyàn gbọ́ bí bàbá ṣe fi ohùn ọmọ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn ní ìyẹn náà. Ó gbé ìka kúrò.

Ní ọ̀sán, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Atúnrọ̀ṣe. Ọkùnrin náà dìde pẹ̀lú ayọ̀.

“Ẹ jókòó,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Bí “ẹ” yẹn ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó ki íàpíìsì bọ̀ ọ́ létí, ó sì dúró títí ó fi gbọ́ ọ tán. Rédíò mẹ́rin ló tú sílẹ̀ lórí tábìlì láàárín wọn, inú wọn wà níta.

“Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ,” ọkùnrin náà wí. “Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Bàbá ṣí nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Mo kàn sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ fún un ni.”

“Èwo nínú wa lẹ wá ń tàn? Ṣé Bàbá ni, àbí èmi?”

Ọkùnrin náà mú sikúrù kan lórí tábìlì, ó ń yí i.

“Torí tó bá jẹ́ Bàbá ni, ẹ máa tan èmi náà fún ẹlòmíì lọ́la.” Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. “Orin ìyá mi ńkọ́? Ṣé ẹ pa á rẹ́ lóòótọ́?”

Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀. Láti inú páálí ìṣáná kan, ó yọ fílááṣì kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde.

“Mi ò pa á rẹ́,” ó ní, bí ẹni tó ń retí ọpẹ́. “Ọkàn mi ò gbà á. Ó wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yẹn.”

Òun ló dun ọmọbìnrin náà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ì bá jẹ́ pé ó pa á rẹ́, ì bá sàn díẹ̀.

“Ẹ jókòó tì mí, ẹ ń nù mí lójú,” ó wí lọ́ra, “ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ tún pe orúkọ Ọlọ́run sí i.”

“Jọ̀ọ́, gbọ́ mi…”

“Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.” Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sáàárín àwọn rédíò. “Bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá lè ṣe é, màá gbọ́ yín.”

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìka rẹ̀ ń jó. Aago kan ń ró lára ògiri. Kò tíì pé ìlàjì tó fi ya ẹnu.

“Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Lóòótọ́ ni.”

Ọmọbìnrin náà tẹ ẹ̀rọ pa.

“Ẹ ti bà á jẹ́,” ó ní. Ó mú fílááṣì, ó jáde.

Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó padà. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Kò sí ìgbéyàwó mọ́, Bàbá. Mo gbọ́ gbogbo yín. Ẹ̀rọ yẹn ò kú.”

Bàbá pa iná áyọ́ọ̀nù. “Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ń dáàbò bò. Àti ti ìyá rẹ. Nǹkan tó wà nínú àpò rẹ̀… èmi ọkọ rẹ̀ gan-an ò tíì rí ìwé yẹn tí gbogbo ayé fi gbọ́ ọ.”

Ọmọ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, kò fi ìwé náà han bàbá rẹ̀ kó tó sọ ọ́ síta. Ó gba ẹ̀bi tirẹ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ kò pa tiwọn rẹ́.

“Ẹ ì bá sọ fún mi,” ó ní. “Ẹnu ni Ọlọ́run fún yín, Bàbá. Ẹ ò bá bá mi jà.”

Ó ki fílááṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó na íàpíìsì sí i. Bàbá fi í sétí bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń kó sí. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ wá kàńtà, ó dì í mú. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá kì í pẹ́. Ó ní kó tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

“Níbo lo ti rí i? Àǹtí ẹ ní o sọ pé ó ti sọnù.”

“Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi mí lé lọ́wọ́ ni mo ti gbà á.”

Bàbá jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì gbé ọwọ́ sókè, bó ṣe máa ń gbé e sókè fún ìṣẹ́jú ìdákẹ́.

“Mo ti dárí jì yín,” ó ní. “Torí Ọlọ́run, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.”

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Àǹtí wá kó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí Atúnrọ̀ṣe ti mú wá kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Wọ́n mọ́, wọ́n gún régé, kò sí ìlà kan tó wọ́ lára wọn. Àpò ìwé kékeré kan wà lára èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run, pín-ìnnì ni wọ́n fi so ó, nọ́ńbà oníbàárà nìkan ló sì wà lórí rẹ̀. Sikúrù funfun kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà wọ àárín aṣọ, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí àpótí, ó fi ọwọ́ wá orí pupa náà nínú òkùnkùn. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ti ẹnìkan tó ra ọ̀nà lílọ, tí kò ra ti àbọ̀. Ohùn rẹ̀ há lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gé e kúrò. Nígbà tó parí, tó ń gba ìdákẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá kò tíì lọ sílé. Ó jókòó sórí àpótí níta, ó ń rọra mí, ìṣẹ́jú náà sì pé kó tó hú ikọ́.

Ọmọ náà kò tíì ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n kò pa èémí yẹn rẹ́ kúrò nínú ohùn tó gbà sílẹ̀.

Ìwọ tí o kà mí dé ìhín, kí Ọlọ́run má fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí yóò nù ọ́ lójú pẹ̀lú ọwọ́ tó fi pa ọ́ lẹ́kún. Ohun rere tí a gbé pamọ́ fún ọ, yóò ti inú dúrọ́ọ̀ ọ̀tá jáde. Ilé tìrẹ kò ní fi ohùn rẹ san owó orí ayọ̀ rẹ. Bí a bá sì ti dà ọ́, Ẹni tí kì í dalẹ̀ yóò jókòó tì ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ara rẹ yóò fi balẹ̀. Àmín.